Fèrèsé Iwájú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Èmi tí mo ti ń lọ èlùbọ́ fún àdúgbò wa ní Òmù-Àrán fún ọdún mẹ́tàlélógún, tí mo ń jáde nídìí ẹ̀rọ lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìpéǹpéjú funfun, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa kọ́ mi nípa eruku. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló dán an wò. Ohun tó tìdí rẹ̀ yọ ni mo fẹ́ sọ, torí pé ó ṣì ń dùn mí, mi ò sì ní purọ́ pé mo ti dárí jì í.

Bàbá wa ní ọkọ̀ bọ̀lẹ́kájà kan nígbà ayé rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi pákó kan ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn awakọ̀ títí dé ìdí. Ọ̀dà kò tí ì dé àwọn ọ̀nà wa nígbà yẹn. Eruku ni èrò àkọ́kọ́ tó ń wọ ọkọ̀, òun náà ló sì ń sọ̀ kẹ́yìn. Àwọn èrò ní ọgbọ́n tí wọ́n ń ta sí i. Kí wọ́n tó gun ọkọ̀, wọ́n á yí aṣọ wọn sódì, ojú aṣọ á wà nínú, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa gba eruku. Bó bá ku díẹ̀ kí wọ́n wọ ìlú, bàbá mi á dúró létí odò, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á bọ́jú, wọ́n á yà sẹ́yìn igbó lọ yí aṣọ padà, wọ́n á wá máa yan wọ̀lú bí ẹni pé inú yàrá ni wọ́n ti ń bọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé láti yí tirẹ̀ padà, yẹ̀yẹ́ rẹ̀ á kún ọjà fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọlọ́lá tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ kì í yí aṣọ ní tiwọn. Wọ́n gbà pé Ọlọ́run ló fẹ́ràn wọn tí eruku kò fi bà lé wọn, wọn kò ka gíláàsì kún.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n bàbá mi gan-an wà lára pákó iwájú. Lókè orí awakọ̀, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù kàn pa, ó gé fèrèsé gbọọrọ kan síbẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì í. Bí èrò bá ń ráhùn pé afẹ́fẹ́ ń gbá àwọn lójú, á ní kí wọ́n fi gèlè bojú. Á ní, "Afẹ́fẹ́ tó bá gba iwájú wọlé ló ń lé eruku gba ẹ̀yìn jáde. Ẹ tì í, kí ẹ wá wo bí ọkọ̀ yìí ṣe máa fa eruku bí arúgbó ṣe ń fa áásà." Òótọ́ ló sọ. Nídìí ẹ̀rọ tèmi náà, ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn tó kọjú sí afẹ́fẹ́, tó wá ṣí ti ẹ̀yìn nìkan, gbígbẹ ló máa jẹ èlùbọ́ náà.

Bàbá kú. Ọkọ̀ jókòó sábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé wa, adìẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀.

Ní ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, ó wá kan màmá mi láti da omi ní agboolé bàbá tó bí i, ní abúlé kan tó kọjá Èsìẹ́. Ní agboolé yẹn, àwọn kan ń kírun, àwọn kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún gbogbo wọn ń pàdé nídìí oórì àwọn ìyá. Ọmọbìnrin tó dàgbà jù ló ń da omi tútù sílẹ̀, tí á máa pe orúkọ àwọn ìyá tó ti lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹni tó lọ kẹ́yìn títí dé orí ẹni tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ohun méjì ni wọ́n ń wò lára rẹ̀. Aṣọ funfun tó bá wọ̀ wọlé kò gbọdọ̀ ní eruku, ohùn ara rẹ̀ ló sì gbọdọ̀ fi pe àwọn orúkọ náà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé e ló máa gba igbá omi, igbá náà kì í sì í padà sẹ́yìn mọ́.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló ń ṣe é kó tó kú. Màmá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ti ń múra sílẹ̀. Bó bá ń ṣa ẹ̀wà, á máa ka orúkọ àwọn ìyá rẹ̀ sábẹ́ ètè. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n, ìyá tó bí i lọ́mọ sì ni ìkẹta. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni ọmọ bàbá rẹ̀ láti inú ìyá mìíràn, ẹni tí a ń pè ní Ìyá Kékeré. Obìnrin náà máa ń wá kí màmá mi déédéé. Á béèrè bí ara ṣe rí, á sì tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìdáhùn tí kò dára. Ọdọọdún ló ń wà níbi tí wọ́n ti ń da omi, ṣùgbọ́n igbá ló ń wò, kò gbọ́ orúkọ.

Ẹ̀gbọ́n mi wá ti Èkó dé. Éésì, ẹ̀rọ tó ń mú yàrá tutù, ló ń tà níbẹ̀, ó sì ti rí jẹ nídìí rẹ̀, a dúpẹ́. Ó ní inú ọkọ̀ bàbá wa ni màmá máa bá lọ da omi náà, bí wọ́n ṣe fi ọkọ̀ yẹn gbé e níyàwó wá. Ó mú mẹkáníìkì wá láti Àjàṣẹ́-Ìpo, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì mìíràn sí i, wọ́n kùn ún láró. Èmi náà yìn ín, mo fún un ní ẹ̀kọ àti àkàrà. Ìgbà tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ eruku ni mo ṣíwọ́ ìyìn. Ó ní kí káfíńtà kan fèrèsé iwájú pa, wọ́n fi rọ́bà àti gọ́ọ̀mù yí i ká. Wọ́n na tapólì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí ó fi le. Ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ gbayawu, kí èrò lè máa rí nǹkan wò. Ó wá fi éésì síwájú, níbi tí òun fúnra rẹ̀ máa jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀.

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ má ti iwájú yẹn. Bàbá ò tì í rí."

Ó ní, "Bàbá ò rí rọ́bà tó dáa lò ni. Afẹ́fẹ́ ni eruku ń gùn. Tí a bá ti afẹ́fẹ́ mọ́ta, kó máa fẹsẹ̀ rìn."

"Afẹ́fẹ́ inú yàrá lẹ mọ̀, Bọ̀dá. Yàrá kì í sáré."

"Ìwọ, iṣẹ́ kí ni mò ń ṣe? Àbí èlùbọ́ lèmi náà ń lọ̀?"

Mo dákẹ́. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n ní Èkó, tí ẹ̀gbọ́n náà ń bá a san owó iná, mọ bí a ṣe ń dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni mi ò tí ì dárí rẹ̀ ji ara mi.

Màmá mi fẹ́ wọ aṣọ ilé lọ, kó gbé funfun rẹ̀ sínú igbá onídèérí, kó pààrọ̀ rẹ̀ létí odò. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. Ó fẹ́ ya fídíò ibi tí màmá ti ń gun ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ nínú aṣọ funfun, kí àwọn ará Èkó lè rí i. Ó ní, "Màmá, ẹ wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ ní gbóòórùn eruku." Màmá mi wò ó, kò jiyàn. Ó wọ yàrá lọ, ó wọ bùbá àti ìró kíjìpá funfun rẹ̀, kíjìpá ìgbà ìwáṣẹ̀ tó ki bí awọ. Nígbà tó jáde, gbogbo ojú rírán wà níta.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ fóònù kalẹ̀. "Màmá, ẹ wọ aṣọ yín lódì."

"Mo mọ̀."

"Á hàn nínú fídíò."

"Jẹ́ kó hàn."

Ó yí sí ìyàwó rẹ̀, ó ní àgbà ti ń dé sí màmá. Ó wá ní kí màmá gun ọkọ̀, kó sọ̀, kó tún gùn ún, ẹ̀ẹ̀mẹta, torí oòrùn kò bọ́ síbi tó wù ú.

Ó fi màmá sórí bẹ́ńṣì àkọ́kọ́, kó fẹ̀yìn ti pákó iwájú níbi tó jókòó sí nígbà tó ń relé ọkọ. Èmi jókòó tì í. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọmọ wọn jókòó lẹ́yìn nínú léèsì aláwọ̀ ẹyin. Ìrìn náà dán títí a fi kọjá Èsìẹ́, torí ọ̀dà ni. Wọ́n tiẹ̀ ń kọrin. Ìgbà tí táyà kan ilẹ̀ pupa ni orin já. Eruku kò fẹ́ bá wa láti iwájú gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe sọ, mo gbà fún un níbẹ̀. Ẹ̀yìn ló gbà wọlé. Táyà ń gbé e sókè, ọkọ̀ ń fà á wọlé, kò sì sí ibì kankan tó lè gbà jáde mọ́, ó wá dúró sáàárín wa. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, mi ò rí ojú ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi mọ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ńṣì kan ló wà láàárín wa.

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Mo bọ́ gèlè mi, mo fi omi inú ike rin ín, mo fi bò ó nímú. Mo gbá pákó iwájú, mo gbá a títí, ṣùgbọ́n rọ́bà tó ń dènà afẹ́fẹ́ ń dènà ariwo pẹ̀lú, orin sì ń dún níwájú. Mo fi ọwọ́ lásán fa pákó náà, ìṣó gé mi níka. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ó já ìpè náà. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà, láìtijú, pé ìpè mi ń dí fídíò lọ́wọ́, òun ń ya igbó tó rẹwà lójú ọ̀nà.

Létí odò, ó sọ̀ kalẹ̀, ara rẹ̀ tutù, aṣọ rẹ̀ ń dán. Ó wò wá, ó ní, "Kí ló ṣe yín?"

Mo mú màmá lọ bọ́jú, mo mú un yà sẹ́yìn igbó, a yí aṣọ padà. Ojú kíjìpá tó ti fara mọ́ ara rẹ̀ láti àárọ̀ funfun bí ọjọ́ tí wọ́n hun ún. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi rí i, òun náà sáré lọ yí léèsì rẹ̀ padà. Ihò wà lára léèsì, ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ti jọ pupa. Mo rẹ́rìn-ín, kò sì yẹ kí n rẹ́rìn-ín, torí nígbà tí mo wo màmá pé kó bá mi rẹ́rìn-ín, ó la ẹnu, kò sí ohùn níbẹ̀. Ó mu omi. Ó tún la ẹnu. Èémí ló jáde.

Ní agboolé, Ìyá Kékeré ló kọ́kọ́ pàdé wa. Ó yẹ aṣọ màmá mi wò láti ọrùn dé ìdí, ó tiẹ̀ gbé etí ìró sókè. Kò rí eruku. Olórí agboolé, bàbá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn, gbé igbá omi lé màmá mi lọ́wọ́, gbogbo èèyàn sì kúnlẹ̀. Màmá da omi àkọ́kọ́. Ó la ẹnu láti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú kẹ́yìn. Ikọ́ ló dáhùn. Wọ́n ní ká ní sùúrù, wọ́n fún un lómi mu. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá arúgbó náà wolẹ̀, ó ní, "Ẹ máa bínú, Ìyá." Ìyá Kékeré na ọwọ́, ó gba igbá náà.

Ohùn tirẹ̀ dá ṣáṣá. Ó da omi, ó pe orúkọ kan, ó pe ìkejì, ó wá dúró. Ó tún da omi díẹ̀ láti fi bo ìdúró náà mọ́lẹ̀. Gbogbo wa ń wo ilẹ̀. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó tẹ́ níbẹ̀. Mo fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, mi ò fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n màmá mi fi orúnkún rìn sún mọ́ ọn, ó fi ẹnu sí i létí, ó mí orúkọ ìkẹta sí i. Ìyá Kékeré pè é sókè. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ orúkọ ìyá ìyá mi láti ẹnu ẹni tí kò rántí rẹ̀. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ títí mọ́kàndínlógún fi pé, èyí ń mí, èyí ń pè, omi ń kán sílẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tí kò lè dá igbá padà fún màmá mi mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi yà á sínú fídíò. Ó gbé e síta lọ́jọ́ náà, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ wo bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ṣe fẹ́ràn ara wọn. Àwọn èèyàn ń ṣe àmín.

Kí a tó padà, mo gba sípánà ńlá lọ́wọ́ awakọ̀, mo gun orí ọkọ̀, mo ṣá pákó iwájú yẹn títí rọ́bà àti ìṣó rẹ̀ fi tú. Ẹ̀gbọ́n mi dúró nílẹ̀ ń wò mí. Bí a ṣe ń padà, afẹ́fẹ́ gba iwájú wọlé, ó gbá wa lójú, eruku sì ń sá gba ẹ̀yìn lọ bí bàbá mi ṣe wí. Màmá mi jókòó nínú funfun rẹ̀, ojú aṣọ níta, kò bìkítà láti yí i sódì. A dé Òmù-Àrán, mo wò ó látòkè délẹ̀, eruku kan ò sí lára rẹ̀.