Àkànbí Kò Dọ̀bálẹ̀

Bí ẹ bá bi Títíladé Ajíbádé pé kí ló ń dùn ún jù lọ́dún 1957, kò ní sọ ti àìsùn, kò sì ní sọ ti àwọn aláìsàn tó ń wúkọ́ sí i lójú. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń dùn ún. Ọwọ́ tó ti ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn ńlá kan n'Ìbàdàn ló wá di ọwọ́ tó ń rọ oògùn ikọ́ sínú ìgò.

Àìsàn òtútù tó ń jà káàkiri ayé lọ́dún náà ló fà á. Àwọn àgbà tó rántí lùkúlùkú, àjàkálẹ̀ òtútù tó pa èèyàn láyé ọjọ́un, ní òun náà ló tún padà wá kí àwọn. Wọ́ọ̀dù kún, àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn ń dùbúlẹ̀, gbogbo iṣẹ́ abẹ tó bá ṣe é sún síwájú ni wọ́n sì sún síwájú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Dókítà Ògúnsanwó, ọ̀gá Títíladé, ti ṣèlérí pé kí ọdún tó parí, òun yóò jẹ́ kó dá iṣẹ́ abẹ ìpá kan ṣe. Bó bá ṣe é yọrí, yóò máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Bí kò bá rí i ṣe, ọ̀dọ̀ àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọmọdé ni wọn yóò gbé e lọ, ibi tí àwọn kan ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó yẹ obìnrin.

Lálúpọn ni wọ́n wá rán an lọ, kó lọ máa tọ́jú àwọn ará oko. Ọ̀rọ̀ náà ká a lára, ká má purọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, a máa fi òwú ta kókó sí ẹsẹ̀ tábìlì, kí ìka rẹ̀ má baà gbàgbé iṣẹ́. Ìyá Leah tó gbà á sílé bi í pé ewúrẹ́ wo ló fẹ́ so mọ́bẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pè é sí agbo ilé Ògúntúyì. Àkànbí, àgbẹ̀ tí baálé ilé náà jẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀, wà lórí ẹní, ó ń bì. "Àìsàn tó ń lọ náà ni," ni gbogbo ilé wí. Ara rẹ̀ kò gbóná, kò sì wúkọ́, ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹni tó bá ti dùbúlẹ̀, àìsàn kan náà ni. Títíladé fún un lóògùn, ó sì gbé báàgì rẹ̀.

Ìgbà náà ni Bàbá Ògúntúyì, baálé ilé náà, wọlé. Àkànbí fara ti ògiri dìde, ó tẹ̀, ó fi ọwọ́ kan kanlẹ̀, ó parí síbẹ̀. Ojú bàbá yí padà.

"Àkànbí, èmi lo ń kí báun? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí ni?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Àìsàn ni."

"Àìsàn kẹ̀! Èmi tí ikọ́ ń gbé ṣánlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ kí baálẹ̀ láàárọ̀ yìí!"

Títíladé gbé báàgì sílẹ̀. Òótọ́ ni bàbá sọ. Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti ń rí àwọn tí ibà ń gbọ̀n, tí wọ́n ṣì ń dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n á ní ká wá fà wọ́n dìde. Òtútù wo ni kì í jẹ́ kéèyàn fi ikùn kanlẹ̀? Ó ní kí gbogbo wọn jáde, àti bàbá.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo ló ń dùn yín?"

"Orí."

"Ẹ̀gbọ́n!"

Àkànbí kọjú sí ògiri. "Dókítà, obìnrin ni yín. Kí ni mo fẹ́ fi hàn yín?"

"Ìpá ni, àbí? Ó ti le, kò sì padà sínú mọ́."

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi ṣòkòtò bò ó mọ́lẹ̀, torí ìtìjú. Ẹ̀rù ba Títíladé gan-an. Ìfun ló há síbẹ̀. Bó bá kú síbẹ̀, Àkànbí náà á kú ni.

Nígbà tí bàbá gbọ́, ìbínú rẹ̀ di omi. Òun fúnra rẹ̀ ló sáré lọ dá ọkọ̀ akẹ́rù kòkó dúró. "Ẹ má jẹ́ ó kú o, Dókítà. Ẹnu mi ti le sí i jù."

Nígbà tí wọ́n dé Ìbàdàn, Dókítà Ògúnsanwó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nínú àìsàn náà ni, igbákejì rẹ̀ sì ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá na ọwọ́ ara rẹ̀ síwájú, ó wò ó bó ti ń gbọ̀n, ó kó o sẹ́yìn.

"Lọ fọwọ́," ó ní. "Ìwọ lo máa ṣe é. Màá dúró tì ọ́."

Títíladé fọwọ́, ó gba abẹ, ó sì la ibi tí ìpá náà wà. Ó rí ìfun náà, ó ti dúdú. Ó fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bò ó, wọ́n sì ń dúró. Díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

"Ó yè," ni ọ̀gá wí. Títíladé dá ìfun padà sáyè rẹ̀, ó sì rán ojú ọgbẹ́ náà pa. Kókó ẹsẹ̀ tábìlì Ìyá Leah ni ìka rẹ̀ ń ta.

Nígbà tí Kérésì kù dẹ̀dẹ̀, Àkànbí àti bàbá gbé iṣu wá sílé ìwòsàn. Bí Àkànbí ti rí Títíladé lọ́ọ̀dẹ̀, ó na gbalaja sílẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n! Ẹ jù mí lọ!"

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Bàbá Ògúntúyì wí. "Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Títíladé náà ń wò ó. Kì í ṣe ìkíni ló ń wò, ikùn rẹ̀ ni. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, ojú ọkùnrin náà kò sì fún pọ̀. Ọ̀gá kọjá lẹ́yìn wọn, ó dúró díẹ̀.

"Dókítà Ajíbádé, aláìsàn ìpá kan ti wà ní tíátà iṣẹ́ abẹ. Ìwọ ló ń retí."