Ogójì Ìṣísẹ̀ Rẹ̀

Kí ìyàwó mi tó kú, n kò wá ẹ̀rọ kankan tí yóò sọ fún mi bí ẹran igbó ṣe jìnnà sí mi tó. Òun ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí mo fi ń ṣọdẹ lẹ́yìn iṣẹ́ olùkọ́, mo mú ìyàwó mi lọ sí oko wa lọ́nà Komu. Mo jókòó sídìí igi irúgbá, mo ní kí ó máa ka ìṣísẹ̀ lọ síwájú, kí ó dúró ní ogún, ní ogójì, ní ọgọ́ta, kí n lè rí bí nǹkan ṣe ń kéré sí i lójú. Ní ogún, mo rí kókó gèlè rẹ̀. Ogójì bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ọ̀gán kan, mo ṣì ń rí eyín rẹ̀ bó ṣe ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ní ọgọ́ta, aṣọ nìkan ló kù. Mo fi ṣòfin fún ara mi pé ẹran tó bá ti kọjá ogójì, n kò ní yìnbọn sí i.

Ó lé ní ogún ọdún tí òfin yẹn kò fi dójú tì mí. Síbẹ̀ mo máa ń fi bí ó ṣe ka ìṣísẹ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Mo ní ìṣísẹ̀ obìnrin tó ró ìró kì í ṣe òṣùwọ̀n.

“Tíṣà, ẹsẹ̀ mi lẹ rán níṣẹ́,” ni yóò wí. “Tí tiyín bá mọ̀wé ju tèmi lọ, ẹ lọ kà á fúnra yín.”

N kò lọ kà á títí ó fi kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àwọn ọmọ ti padà sí ibi iṣẹ́ wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo ohun tó fi sílẹ̀ tò, bí ẹni pé àṣìṣe ló kún inú wọn. Mo tún ilé ìdáná tò. Mo lọ sóko, mo fi ẹsẹ̀ ara mi ka ogójì láti ìdí irúgbá. Mo kọjá òkìtì ọ̀gán náà, mo sì ri igi kan mọ́lẹ̀ níbi tí ó parí sí.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, ìgalà kan jáde lẹ́bàá igi tí mo rì náà. Mo yìnbọn. Ó ṣubú, ó dìde, ó wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan wọ inú koríko. Mo tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò rí i. Ní ọjọ́ kẹta, òórùn ló júwe rẹ̀ fún wa. Olórí ọdẹ àdúgbò wa, tó bá mi wá a, wo ẹran náà, ó wo èmi náà.

“Bàbá Tíṣà,” ó ní, “ojú yín ti ń lọ. Ẹ gbé ìbọn kọ́ ògiri, àbí kí ẹ wá ojú mìíràn rà.”

Ojú ni mo lọ rà. Ní Ìṣẹ́yìn, ọkùnrin kan tó ń ta fóònù àti tọ́ọ̀ṣì ní oríṣi méjì ẹ̀rọ tí ń fi iná léésà wọn ọ̀nà jíjìn. Ó kọ́kọ́ gbé èyí tó tóbi fún mi, èyí tó ní ó ń wọn ẹgbẹ̀rún mítà.

“Bàbá, èyí lè wọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Adó-Àwáyè.”

“Ìbọn mi kò dé Adó-Àwáyè.”

“Ẹ rà á nítorí ọjọ́ iwájú, Bàbá.”

N kò sọ èrò mi nípa ọjọ́ iwájú fún un. Mo ní kí a lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí koríko gíga bo ògiri kan lójú. Mo tẹ ẹ̀rọ ńlá náà: mítà mẹ́sàn-án. Koríko ló wọ̀n. Èyí tó kéré ní bọ́tìnnì kan tí ń jẹ́ kí ó fo ohun tó wà nítòsí, kí ó mú ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó mú ògiri: mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

“Ṣùgbọ́n èyí kì í ríran jìnnà o,” ni ọkùnrin náà wí.

“Kò sí ohun tí mo ń wá níbi tó jìnnà.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo jókòó sídìí irúgbá. Mo wọn igi tí mo rì: mítà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo wọn òkìtì ọ̀gán: mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo nu dígí rẹ̀, mo tún un wọ̀n. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náà ni. Nǹkan kan kò ṣe ojú mi. Ẹsẹ̀ kúkurú tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni kò jẹ́ kí n dá ẹran lóró fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Èmi tí mo mọ ìṣirò ni mo dúró dìgbà tí ìyàwó mi kò lè fún mi lésì mọ́, kí n tó ṣàtúnṣe ohun tó kà.

Mo fa igi náà tu. Mo fi ẹ̀rọ sápò, mo padà sídìí irúgbá, mo gbìyànjú láti rìn dé òkìtì ọ̀gán ní ogójì. Mo débẹ̀ ní mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo padà, mo tún gé ìṣísẹ̀ kúrú, ó di mẹ́tàdínlógójì. Obìnrin kan tó ń ṣa irúgbá ti dúró, ó ń wò mí.

“Ẹ kú oko, Bàbá. Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn yín ni?”

“Rárá,” ni mo wí. “Ó gùn jù ni.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Mo dúró kí ó lọ tán, mo padà sídìí igi, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.