Oríkì Tó Gbé Ẹ̀gbọ́n Mi Dìde

“Mi ò gbọ́ èdè yín, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn yẹn. Ẹ má fi pe ọmọ mọ́ nígbà tó bá wà nílẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ tí kóòṣì ọmọ mi sọ fún ọkọ mi nìyẹn lẹ́bàá pápá bọ́ọ̀lù ní Lilburn, ní ìpínlẹ̀ Georgia níhìn-ín, lójú gbogbo àwa òbí. Kò pariwo. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó sì di ọmọ náà lápá mú jáde kúrò lórí pápá. Ìkìlọ̀ yẹn ló mú mi kọ ìwé yìí, nítorí pé èmi náà mọ ohùn yẹn. Mo ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fò sókè láti fi orí kan bọ́ọ̀lù. Ọmọ ẹgbẹ́ kejì náà fò, wọ́n sì forí gbárí. Èyí ọ̀hún di orí mú, ó ń rìn kiri. Tèmi ṣubú, kò sì mira. Ni ọkọ mi bá dìde lórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: “Àlàó! Àlàó, ọmọ ajagun-má-kẹ̀yìn! Ẹnìkan kì í sùn sójú ogun nílé yín. Dìde, baba mi, dìde!” Àwọn òbí yòókù láti ṣọ́ọ̀ṣì wa ń gbè é, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà gbé orí sókè, ó fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde.

Aunty kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbá mi léjìká. “Mummy, ẹ ò rí i? Ẹ̀jẹ̀ wa kì í purọ́.”

Ojú ọmọ mi ni mò ń wò.

Nígbà tí kóòṣì mú un jáde, ọkọ mi bínú. “Ọ̀gá, ara ọmọ mi le. Ṣé ẹ ò rí i pé ó ti dìde ni?”

“Mo rí i,” ni kóòṣì wí. “Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.”

Nínú mọ́tò, ọmọ náà béèrè pé, “Daddy, did we win?” Ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n borí. Nígbà tí a dé ibi iná pupa, ó tún béèrè. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbọ́ ọmọ yìí o, ó fẹ́ kí n máa yìn ín títí dé ilé.” Kí a tó yà sí àdúgbò wa, ó tún béèrè, pẹ̀lú ohùn kan náà, bí ẹni tí kò béèrè rí. Mo ní kí ọkọ mi yí mọ́tò padà sí ọ̀nà ọsibítù. Ó ní nítorí kí ni. Mo ní, “Ẹ yí i padà.” Mi ò tíì pàṣẹ fún un báyẹn rí láti ìgbà tí a ti fẹ́ra.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí mo gbọ́ nínú ìbéèrè yẹn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní ìlú wa lẹ́bàá Ìkìrun, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé. Àwọn òbí wa wà ní Kaduna. Ìyá àgbà ń ṣe àdín, òórùn àdín sì wà lára gbogbo ohun tí a ní, títí kan aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wa. Láàárọ̀, bí a bá kí i, kì í dá wa lóhùn lásán. Yóò gbé ọwọ́ lé wa lẹ́yìn, yóò máa fi lù wá jẹ́jẹ́, yóò sì máa kì wá títí a ó fi rò pé a ga ju òrùlé lọ. Àlàó ni oríkì ẹ̀gbọ́n mi. Tèmi kúrú, tirẹ̀ gùn, mo sì máa ń jowú.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn oorun. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò jáde, ìyá àgbà kì í gbá ilẹ̀kùn. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, yóò kì í díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi yóò sì jáde tòun ti oorun lójú. Yóò ní, “Ìyá yìí, oògùn ni ẹnu yín.” Ìyá àgbà yóò ní, “Lọ bọ́jú, ọ̀lẹ ọmọ.”

Ilé ẹ̀kọ́ girama wa àti ti ìlú kejì jọ máa ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́dọọdún. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ irú bọ́ọ̀lù tí mò ń sọ. Awọ ni, wọ́n fi okùn dí ẹnu rẹ̀, bí òjò bá sì ti mu ún, a máa wúwo bí òkúta. Òjò ti rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi fò láti fi orí kàn án, òun àti ọmọkùnrin gìrìwò kan sì forí gbárí. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Ẹ̀gbọ́n mi ṣubú sínú ẹrẹ̀.

Àwọn ará ìlú kejì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá ṣẹ̀sín. Ọ̀kan nínú wọn kígbe pé, “Ó ti parí. Ẹ gbé e fún ìyá ẹ̀ kó lọ fún un lọ́mú.” Ẹ̀rín sọ. Èyí ni ìyá àgbà kò lè gbà. Ó tú gèlè, ó fi gbàjá, ó rìn dé etí pápá, ó sì ki ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo pápá dákẹ́. Nígbà tó dé ibi tó ti ń sọ pé ẹnìkan kì í sùn sójú ogun nílé wa, ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ariwo tó sọ lọ́jọ́ náà, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ láti ìgbà yẹn. Kí wọ́n tó fọn fèrè, òun gan-an ló gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Èjìká ni wọ́n fi gbé e délé.

Bí a ṣe jókòó tí a ń jẹun, ó yíjú sí mi. “Ta ló gbá a wọlé?”

Mo ní, “Ìwọ ni, Bọ̀ọ̀dá mi.” Ó rẹ́rìn-ín. Ó bu òkèlè kan, kò gbé e sẹ́nu, ó tún béèrè pé, “Ta ló gbá a wọlé?” Gbogbo wa fi í ṣeré. Àwọn ọmọ ilé kejì wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, bó bá sì ti béèrè, a ó jọ pariwo pé, “Ìwọ ni!” A rò pé ó fẹ́ kí a máa yin òun ni. Ó bì. Ìyá àgbà ní ayọ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a gbé fìtílà kúrò níwájú òun, pé ó ń gún òun lójú. Ìyá àgbà fi àdín pa á lórí, ẹ̀gbọ́n mi sì wọlé lọ sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá bó ṣe máa ń ṣe, ó sì ń kì í. Kò jáde. Ó tún kì í. Ó kì í dé ibi tí mi ò gbọ́ rí, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó tẹ ilé wa dó. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú igbá omi tí ẹ̀gbọ́n mi yóò fi bọ́jú. Nígbà tó yá, ó dákẹ́, ó wọlé, mo sì gbọ́ ohùn kan tí mi ò mọ̀ pé ènìyàn ní.

Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn títí ó fi kú, ìyá àgbà kò ki ẹnikẹ́ni mọ́. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí i, yóò kàn ní, “O jí dáadáa?” Kò gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn mọ́.

Wọ́n ní ibà ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Ibà ni wọ́n sọ fún ilé ẹ̀kọ́, ibà ni wọ́n sọ fún àwọn òbí mi, ibà ni èmi náà sọ fún ọkọ mi nígbà tí mo fún àbíkẹ́yìn wa ní oríkì ẹ̀gbọ́n mi. Ibi iṣẹ́ mi níhìn-ín, ilé tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ni mo ti mọ òtítọ́. Wọ́n kọ́ wa pé bí arúgbó bá ṣubú tó fi orí lu nǹkan, kí a má fà á dìde. Kí a máa bá a sọ̀rọ̀, bó bá sì ń béèrè ohun kan náà léraléra, kí a sáré pe àwọn dókítà. Mo kúrò níbẹ̀, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọsibítù lọ́jọ́ náà, dókítà sọ pé ọpọlọ ọmọ mi ti mì. Ó ní kò gbọdọ̀ sún mọ́ bọ́ọ̀lù títí òun yóò fi sọ pé ó yá. Ọkọ mi gbà. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé orí òun ò fọ́ òun mọ́, Uncle kan láti ṣọ́ọ̀ṣì sì pe ọkọ mi lórí fóònù. Ẹgbẹ́ kan wà ní Fairburn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù ní Hampton ní Sátidé, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ wa bá wọn gbá a. Àwọn tó ń mú ọmọ lọ sí yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́ ń bọ̀ wá wò wọ́n. Wọn ò ní béèrè ọ̀rọ̀ dókítà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. “Ọlọ́run ló ṣí ilẹ̀kùn yìí,” ni Uncle wí. “Kóòṣì Òyìnbó yẹn kàn fẹ́ tì í ni.” Ọkọ mi ní òun yóò gbé ọmọ lọ.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sọ fún kóòṣì. Ní Ọjọ́rú, kóòṣì wá sílé wa. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀ bó ṣe ń rìn, kò bọ́ awò dúdú ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀ mí pé kí n fa aṣọ fèrèsé, nítorí ìmọ́lẹ̀. Àwa òbí ti máa ń bínú sí i tẹ́lẹ̀ pé ó ń gbéra ga, pé nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ ló fi ń pe àwọn ọmọ wa, bí ẹni ń pe ẹlẹ́wọ̀n.

Ó ní ọmọ apẹja ni òun, ní ìlú kékeré kan létí òkun ní Denmark. Láti ìgbà tí òun ti wà lọ́dọ̀ọ́ ni ẹgbẹ́ ńlá kan ti mú òun. Ẹ̀yìn ni òun ń gbá, iṣẹ́ òun sì ni láti fi orí kan gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá wá láti òkè. Ó ní orí òun ni wọ́n sanwó lé. Láti ẹgbẹ́ yẹn ó lọ sí olú ìlú wọn, láti ibẹ̀ ó lọ sí Jámánì. Ibẹ̀ ni orúnkún ẹni tó ń ṣọ́ gólì ẹgbẹ́ tiwọn ti gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Ó ṣubú. Gbogbo àwọn tó kún orí àga bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ rẹ̀ kọrin, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i.

“Bí gbogbo ènìyàn báyẹn bá ń pe orúkọ yín,” ni ó wí fún ọkọ mi, “ẹ ò lè dùbúlẹ̀. Mo dìde. Wọ́n ní mo gbá a dé òpin. Mo ti wo fíìmù rẹ̀. Bí ẹni ń wo ẹlòmíràn ni.”

Ó ní òun kò dáwọ́ dúró. Ìmọ́lẹ̀ ń gún òun lójú, òun ń bì kí òun tó wọ pápá, òun sì ń fi í pamọ́, títí ó fi di ọjọ́ kan tí òun wó lulẹ̀ níbi ìdánrawò láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ẹgbẹ́ náà jọ̀wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọrin lọ́jọ́ tó kó ẹrù rẹ̀. Inú yàrá tó ṣókùnkùn ló wà fún ìgbà pípẹ́, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nílùú rẹ̀ ní bọ́ọ̀lù, kó sì tó bá ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ Georgia, wá síhìn-ín.

Ọmọ mi, tó ti ń gbọ́ látọ̀dọ̀ àtẹ̀gùn, bi í pé, “Coach, what's my name?”

Kóòṣì wò ó. Ó wò ó pẹ́. “Six,” ni ó wí. Nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ nìkan ló rántí.

Ọmọ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìgbà yẹn ni mo la ẹnu mi, mo sì sọ nípa ẹ̀gbọ́n mi, bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Nígbà tí kóòṣì lọ, ọkọ mi pe Uncle. “Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kò ní wá.” Mo gbọ́ ohùn Uncle nínú fóònù: “Ṣé Òyìnbó ti dẹ́rù bà yín ni?” Ọkọ mi ní, “Rárá o. Ìyàwó mi ni.”

Ní Sátidé, a lọ wo àwọn ẹgbẹ́ ọmọ wa ní Lilburn. Ọmọ mi jókòó sáàárín wa pẹ̀lú awò dúdú lójú, bíi ti kóòṣì rẹ̀. Ọmọ kan ṣubú, ọmọ Uncle yẹn gan-an. Ẹnu bàbá rẹ̀ ti là. Ọkọ mi gbé ọwọ́ lé e lórí orúnkún, ẹnu náà sì padé. Kóòṣì kúnlẹ̀ ti ọmọ náà. A kò gbọ́ nǹkan kan àfi ìró àwọn mọ́tò lójú títì. Mi ò mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ le tó bẹ́ẹ̀ fún àwa Yorùbá.

Nǹkan ti yí padà. Nígbà tiwa, àárọ̀ ni wọ́n ń kì wá. Ní ìlú yìí, bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láàárọ̀, bàbá wọn ti ń lọ sí tirẹ̀, ọmọ sì wà lójú ọ̀nà níbi tí yóò ti wọ bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́. Oríkì tí a kò rí àyè fi jí wọn, etí pápá la ti ń kó gbogbo rẹ̀ dà lé wọn lórí. Mo ti bẹ̀bẹ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n ti jẹ́ kí n máa tètè wá sílé láàárọ̀. Ọmọ mi kò tíì lè ka ìwé pẹ́, a kò sì tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò dúró sí. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo máa ń kì í díẹ̀, mi ò sì ní kúrò níbẹ̀ títí yóò fi dáhùn.

Ẹ̀yin òbí, ohun kan ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí ọmọ bá ṣubú tó fi orí lu nǹkan, ẹ má kì í. Ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ títí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ yóò fi dé.