Lẹ́fẹ́lì àti Ilé Mọ́kànlélógójì

Lẹ́fẹ́lì ni gbogbo èèyàn ń pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Àwọn òbí wa kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ rẹ̀ ló di orúkọ mọ́ ọn lára, igi gígùn tó ní omi nínú ike kékeré, èyí tí bíríkìlà máa ń gbé lé ògiri kó lè mọ̀ bóyá ó dọ́gba. Bí Bọ̀dá mi bá wọ ilé onílé, kí wọ́n tó fún un ní àga, á ti fi ìka kan ògiri kó-kó-kó, á sì di ojú kan wo igun yàrá. Lọ́jọ́ tí mò ń ṣègbéyàwó, níwájú àwọn àna mi, ó ní ògiri pálọ̀ wọn ti wọ́ sí apá òsì. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ọdún kejì, ògiri náà lanu lóòótọ́, apá òsì náà ló sì ti lanu.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe iṣẹ́ bíríkìlà. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ máa ń sọ pé ibi tí wọ́n máa fi iyẹ̀pẹ̀ bò ni a ti ń mọ ìwà bíríkìlà, torí pé kí ilé tó wó, bíríkìlà á ti lọ. Bọ̀dá mi gba ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni gba ìbúra. Kò sí onílé tó gbé iṣẹ́ fún un tí kò bá a jà lórí bó ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ jìn. "Lẹ́fẹ́lì, ilé lo fẹ́ kọ́ ni àbí kànga?" Òun á ní, "Ẹ ṣáà dúró."

Àkàbà ló yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Egungun ìbàdí rẹ̀ kán, wọ́n fi irin sí i, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ gun ohunkóhun mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú ṣáájú, nítorí náà ó kó wá sọ́dọ̀ mi. Yàrá iwájú ni mo ti ń rán aṣọ ilé-ìwé, mo sì gbé tábìlì kan sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fún un. Oṣù mẹ́ta gbáko, iṣẹ́ tó ń ṣe kò ju kó máa sọ fún mi pé ẹ̀rọ ìránṣọ mi kò dúró dọ́gba. Ó kù díẹ̀ kí n ya wèrè.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tíṣà ni, òun ló gbà mí sílẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́ wá, ó sì fi ibì kan hàn án lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìwé mẹ́fà ni mo kà dé, bó ṣe yé mi sì nìyí. Ilé-iṣẹ́ kan ló ni ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe géèmù kankan fúnra wọn. Ilẹ̀ òfìfo àti irinṣẹ́ ni wọ́n ń pèsè. Àwọn èèyàn lásán bíi tèmi tìẹ ló ń fi í ṣe géèmù, tí wọ́n á wá ṣílẹ̀kùn fún ẹlòmíràn pé kó wá ṣeré. Ẹni tó bá wọlé á di ọmọláńgidi kékeré kan, á máa rìn, á máa fò sókè fò sílẹ̀, wọ́n á sì máa kọ̀wé síra wọn.

Géèmù àkọ́kọ́ tí Bọ̀dá mi wọ̀, ilé alájà mẹ́rin kan wà níbẹ̀. Ó yí i po. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ilé yìí?"

"N ò mọ̀ ọ́n, Dádì. Ẹnì kan ṣáà ni."

"Kò ní fandéṣọ̀n."

"Géèmù ni, Dádì."

"Mo ti gbọ́ pé géèmù ni. Kò ní fandéṣọ̀n."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ àdúgbò kan, ilé mọ́kànlélógójì. Eré ibẹ̀ kò le. Bí o bá wọlé, wọ́n á fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ kan, ìwọ á máa wá ilé tó ṣí kiri. Bí o bá rí i, o ti jẹ. Nígbà míì igba èèyàn á wá lójúmọ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn ni pé ilé rẹ̀ jọ ilé: àtẹ̀gùn kò ga jura wọn lọ, ilẹ̀kùn kì í gbá bẹ́ẹ̀dì bó bá ṣí, omi òjò sì ní ibi tó ń gbà. Òun fúnra rẹ̀ á wà níbẹ̀, ọmọláńgidi tó dé akoto, á máa mú àlejò wọ pálọ̀. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ nu ẹsẹ̀ yín."

Ìgbà náà ni lẹ́tà ilé-iṣẹ́ dé. Ọmọ rẹ̀ kà á fún wa. Wọ́n ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn tó ń wá ṣeré, fóònù kékeré ni wọ́n ń lò, géèmù tó bá sì wúwo jù kì í ṣí lórí fóònù. Àwọn ọ̀gá ti ṣèpàdé, wọ́n ti fẹnu kò. Bó bá di oṣù méjì òní, géèmù tó bá ṣì wúwo ju ìwọ̀n tí wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n á pa á rẹ́. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀ o. Ta ló ń to aṣọ òtútù kún ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ooru ń mú? Mo sọ bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá mi wò mí bí ẹni wo ògiri tó wọ́.

Ọmọ rẹ̀ tẹ ibì kan, ìwọ̀n àdúgbò náà jáde. Díẹ̀ ló kù kó fi ìlọ́po mẹ́ta ju ohun tí wọ́n fẹ́ lọ. Ó tẹ ibòmíràn, ilẹ̀ wá dà bíi gíláàsì, a sì rí ìsàlẹ̀. Mo dìde nídìí ẹ̀rọ mi. Lábẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan, òkúta wẹ́wẹ́ ni, irin tí wọ́n fi wáyà so, búlọ́ọ̀kù ìlà mẹ́rin-mẹ́rin. Ilé kejì wà lábẹ́ ilé.

"Dádì, kí ni gbogbo èyí?"

"Fandéṣọ̀n."

"Ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹrù yìí, inú ilẹ̀ ló wà! Ta ló ń rí i?"

"Ìwọ ti rí fandéṣọ̀n ilé tí ò ń gbé rí?"

"Rárá, ṣùgbọ́n..."

"O sì ń sùn níbẹ̀."

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ yọ ọ́ kúrò jàre, kí wọ́n má bàa pa gbogbo rẹ̀ rẹ́."

"Ìwọ, máa rán aṣọ rẹ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o."

"Ìrì wo ló wà nínú kọ̀ǹpútà?"

Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

Ó ní kí ọmọ òun bá òun kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà. Ọjọ́ kẹsàn-án, obìnrin kan níbẹ̀ fèsì. Ó ní òun pàápàá ti ṣeré ní àdúgbò náà, òun sì ti jẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló pàṣẹ. Ó ní kí Bàbá má bẹ̀rù, lọ́dọ̀ àwọn, ibi tí èèyàn bá gbé ilé sí náà ló máa dúró sí, bó ní fandéṣọ̀n, bí kò ní. Ọ̀nà méjì ló wà: kó yọ ohun tó wà nísàlẹ̀, tàbí kó wó lára ilé títí ìwọ̀n á fi pé. Ọmọ rẹ̀ ṣírò rẹ̀. Bí fandéṣọ̀n bá dúró, ilé mẹ́rìnlá ló lè kù. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n á lọ.

Bọ̀dá mi mú ọ̀dà pupa nínú géèmù, ó ń fàmì sára èyí tó máa wó. Àwọn àlejò rí i. Ọ̀kan kọ ọ́ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wó ilé onílẹ̀kùn búlúù. Ibẹ̀ lèmi àti àbúrò mi ti ń pàdé látìgbà tó ti rìnrìn àjò." Òmíràn ní kó má fọwọ́ kan èyí tó ní fèrèsé róbótó. Ó nu àmì kúrò, ó fà á sí ibòmíràn, ẹlòmíràn tún bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, kò ku ilé kan tí kò ní alágbàwí.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wò ó." Ó kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú pópó pé, "Ẹ jáde nínú ilé kìíní! Gbogbo yín! Ẹ sún sẹ́yìn!" Wọ́n tò sí òdìkejì títì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó yọ fandéṣọ̀n ilé náà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gangan bo orí, lórí àga, nínú yàrá mi.

Ilé ò wó. Mo rán kọ́là aṣọ mẹ́fà tán, ó ṣì ń wò ó. Kò lanu, kò wọ́.

Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. "Kò tiẹ̀ mì," ló sọ, bí ẹni tí wọ́n bú.

Ọmọ rẹ̀ ní òun lè tẹ bọ́tìnì kan kí ogójì tó kù lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ̀. "Bí mo ṣe tò ó ni mo ṣe máa tú u." Ọjọ́ mẹ́jọ ló gbà á. Kò sì tú ọ̀kan láìkọ́kọ́ lé èèyàn jáde.

Ọjọ́ pé, wọn ò pa àdúgbò náà rẹ́. Ó wá ń ṣí lórí fóònù. Igba èèyàn di ẹgbẹ̀rún méjì lójúmọ́, ilé-iṣẹ́ sì gbé àwòrán rẹ̀ sí iwájú níbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Ọmọ rẹ̀ jó yí yàrá mi ká. Èmi ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ọmọláńgidi Bọ̀dá mi kì í wọlé mọ́. Ojú títì ló máa ń dúró sí.

"Bọ̀dá, ẹ ò mú àlejò wọ pálọ̀ mọ́?"

"N kì í wọ ilé tí mo mọ̀ pé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀."

"Àwọn tó wà nínú ẹ̀ wá ńkọ́?"

"Àwọn ò mọ̀."

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé rò pé mẹ́gádì ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan dúró kí i. "Bàbá mẹ́gádì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ló kọ́ àwọn ilé yìí? Wọ́n rí dáadáa."

Ìka kan ni Bọ̀dá mi fi ń tẹ̀wé, díẹ̀díẹ̀. "Bíríkìlà kan ni."

Àlejò náà ti ń wọlé lọ. Bọ̀dá mi tún yára tẹ̀ ẹ́ sí i pé, "Ẹ rọra o. Ẹ má fò nínú ẹ̀."