Mọ́tò Tí Wọ́n Mú Dọ́gba ní Àgbẹ̀dẹ Bàbá Mi

Ìgbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Ìsẹ́yìn ni ọkọ mi gba iṣẹ́ awakọ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó kan tó ń ra òwú. Mọ́tò kékeré ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ẹrù. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti rí i. Òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ ọkọ mi, bó ti wù kí n fọ̀ ọ́ tó. Mọ́tò náà sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn aláàárù ń ráhùn pé ọrùn àwọn fẹ́ kán kí àwọn tó gbé òwú dé orí rẹ̀.

Ọkọ mi bá lọ bá bàbá mi. Alágbẹ̀dẹ ni wọ́n. Ọkọ́ àti àdá ni wọ́n ń rọ, ṣùgbọ́n kò sí irin tí wọ́n ń sá fún. Wọ́n rá wọ abẹ́ mọ́tò, wọ́n rí àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra, tí wọ́n tẹ̀ bí ọrun, tó gbé mọ́tò náà dúró. Wọ́n yọ díẹ̀ kúrò lẹ́yìn. Ẹ̀yìn wálẹ̀ lóòótọ́, inú àwọn aláàárù sì dùn. Àmọ́ iwájú wá nà sókè bí ewúrẹ́ tó fẹ́ já ewé lórí igi. Ọkọ mi ò rí ọ̀nà dáadáa mọ́. Ó ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá arúgbó kan lọ́nà ọjà.

"Bàbá, ẹ bá wa mú iwájú náà wálẹ̀, kó dọ́gba," ló wí.

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, ojú ọ̀run pọ́n kuku. Bàbá mi yọ irin kan níwájú lápá ọ̀tún, wọ́n yọ kan lápá òsì. Wọ́n wá bu omi sínú igbá, wọ́n gbé e ka ẹ̀yìn mọ́tò, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wo bí omi ṣe kan ẹnu igbá. Omi náà fì sápá òsì. Wọ́n tún yọ irin sí i lápá ọ̀tún, títí omi fi dúró jẹ́ẹ́.

"Ó ti dọ́gba," ni wọ́n wí.

Dọ́gba kẹ̀? Inú àgbàlá tí àgbẹ̀dẹ yẹn wà ni wọ́n bí mi sí. Bí òjò bá rọ̀, apá òsì, lọ́nà àkìtàn, ni gbogbo omi ń gbà lọ. Ilẹ̀ ló fì, kì í ṣe mọ́tò!

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n tì í dé ibi tó tẹ́jú lójú ọjà, kí ẹ tún gbé igbá yẹn lé e wò."

Ojú wọn le. Ní àgbẹ̀dẹ tiwa, iṣẹ́ tí kò tíì parí kì í jáde. Ọkọ́ tí a kò tíì pọ́n lẹ́nu kì í ré ẹnu ọ̀nà kọjá. Wọ́n ní Ògún ń bínú sí i. Bí ọ̀gá bá sì ti ní ó parí, a kì í gbé e síta lọ dán wò, bí ẹni pé a ń ṣiyèméjì.

Wọ́n ní, "Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i."

Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Èmi náà, ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí. Mo tún un sọ, mo tún un sọ, títí ọkọ mi fi ń fojú bá mi wí. Inú bí mi gidigidi. Mo pariwo mọ́ ọn pé ṣé ẹ̀mí ẹ lo fẹ́ fi bu ọlá fún àna ẹ ni? Ó kàn ń nu mọ́tò lọ. Ta ló jẹ́ já bàbá ìyàwó ẹ̀ nírọ́ lójú ayé?

Bàbá mi nu ọwọ́. Wọ́n ní, "Kí ẹ̀rù má bàa bà ọ́, èmi fúnra mi á bá a dé Ọ̀yọ́. Orí òwú ni màá jókòó sí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n kó òwú lé e títí ó fi ga. Bí mọ́tò ṣe bọ́ sójú títì tó tẹ́jú, mo fojú ara mi rí i: apá ọ̀tún ti sọ̀ sílẹ̀, òwú náà sì fì tẹ̀ lé e. Mo sáré, mo ń ké pé, "Ẹ dúró! Ẹ dúró o!" Ariwo mọ́tò ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Bàbá mi rò pé mo ń dágbére ni; wọ́n juwọ́ sí mi láti òkè.

Ìyá mi ní kí n yé rìn káàkiri bí ẹni tó ń pe àjálù wálé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo rí ọkọ mi tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ọ̀nà odò Ògùn, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn létí. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi, inú mi kọ́kọ́ dùn: ọkọ mi ò kú! Mo sáré pàdé ẹ̀.

"Bàbá ńkọ́? Ṣé wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn?"

Kò wo ojú mi. Ó ní mọ́tò ṣubú sápá ọ̀tún létí odò, pé ara wọn ni ò yá díẹ̀.

"Ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀?"

Ọkọ mi, tí kò dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin kankan rí bí kò ṣe ìyá tó bí i àti ìyá tó bí mi, nà gbalaja sínú eruku níwájú mi, ó dojú bolẹ̀, kò sì dìde.