A Kò Ní Jẹ́ Kí Wọ́n Pín Kíláàsì Yín, Ẹ̀gbọ́n Múdà

Háà, Ẹ̀gbọ́n Múdà! Wọ́n ní kí n wí pé ó dìgbà o, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Alhaji Múdàṣírù, ọmọ Òkè-Ṣòpẹ́n, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣètò ìlú ní yunifásítì wa, tí ohùn rẹ̀ máa ń dún dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà ní Àgọ́-Ìwòyè, báwo lẹ ṣe wá dákẹ́ báyìí?

Ìmọ̀ àgbẹ̀ ni èmi fi ń kọ́ni. Nígbà tí mo dé, olúkúlùkù ẹ̀ka ló ń tilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹ̀yin lẹ gbé máàpù Òkè-Ṣòpẹ́n sórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, àwọn ọmọ ẹnjiníà, àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì àti àwọn ọmọ tèmi jọ máa ṣètò ìlú kan náà lórí rẹ̀. Ohun tí ẹnì kan bá yà, gbogbo wọn á rí i lójú ẹsẹ̀. Òfin kan péré lẹ ṣe: "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa ìlà ẹlòmíràn rẹ́ láìkọ́kọ́ dìde lọ bi í pé kí ló rí."

Ẹ rántí ọjọ́ tí àwọn ọmọ yín la ọ̀nà tó gún régé gba inú akùrọ̀? Ọmọbìnrin kan láti ọ̀dọ̀ mi dìde lọ bá wọn, ó ní omi máa ń bo ibẹ̀ bí òjò bá ti dé. Ọmọ nọ́ọ̀sì ní aboyún wo ni yóò wá kọjá dé ilé ìwòsàn? Àwọn ọmọ ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí omi ń ṣàn gbà. Ẹ bú sẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Wọ́n ti ń kọ́ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí n lọ kírun tèmi."

Ilẹ̀ sàréè yín kò tíì gbẹ tí àwọn kan fi sọ ní ìpàdé àwọn olùkọ́ pé eré orí kọ̀ǹpútà lásán ni kíláàsì yín, kí olúkúlùkù padà sí yàrá rẹ̀. Inú bí mi, mo dìde. Mo sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó wọ kíláàsì yẹn rí nínú wọn. Nígbà tí mo jáde, àwọn ọmọ ti kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní àwọn ò lọ síbì kankan.

Mò ń sunkún bí mo ti ń kọ èyí, ṣùgbọ́n n ò túúbá fún ẹnikẹ́ni. Kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà náà wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó wá.

Kí Ọlọ́run Ọba fi Àlùjáńnà kẹ́ yín. Ẹ má wẹ̀yìn wò rárá, ẹ̀gbọ́n mi: kíláàsì ń lọ lọ́wọ́. Ẹ sùn re o.