Ọ̀rọ̀ Tí Mo Gbé Wọkọ̀ Ojú Omi fún Ìyá Àgbà

Òórùn epo ọkọ̀ àti ti omi iyọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú bí mo bá rántí àárọ̀ Sátidé yẹn ní èbúté Libreville. Òjò wínníwínní ń rọ̀. Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá lọ́jọ́ Àìkú ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan ní Nkembo ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé wa lọ sí Port-Gentil. Gabon ni wọ́n bí èyí tó pọ̀ jù nínú wa sí. Faransé là ń sọ, Faransé la fi ń lá àlá, Yorùbá tiwa kò sì ju "ẹ káàárọ̀" àti orúkọ oúnjẹ lọ. Tíṣà wa, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, ló ṣètò ìrìnàjò yìí. Yorùbá nìkan la óò máa sọ láti èbúté dé èbúté, ẹni tó bá sì fi Faransé lahùn yóò dìde kí gbogbo ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ní ìdí tèmi. Ìyá tó bí bàbá mi ń gbé ní Ṣakí, mi ò sì fojú kàn wọ́n rí. Orí fóònù la ti mọra, bàbá mi sì ni ògbufọ̀. Ìyá àgbà á kì mí títí, ohùn wọn á máa gbọ̀n, bàbá mi á wá sọ gbogbo rẹ̀ di gbólóhùn Faransé kan ṣoṣo: "Elle te salue." Ọ̀rọ̀ gígùn bẹ́ẹ̀, ó wá jẹ́ pé wọ́n kí mi lásán! Nígbà tí mo gbọ́ pé ara wọn kò le mọ́, mo pinnu pé bí ọkọ̀ wa bá ti gúnlẹ̀, èmi fúnra mi ni màá pè wọ́n, láìsí ẹnikẹ́ni láàárín wa. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ sórí kò pọ̀: "Ẹ káàsán, ìyá mi àgbà. Èmi ni. Mo ń gbọ́ yín. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀." Bí ahọ́n mi bá kọ́, tíṣà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba."

Bàbá mi ló sìn mí láti ilé wa ní Sotega dé èbúté. Ó bá mi gbé báàgì, ohun tí kò ṣe rí. Kí n tó wọkọ̀, ó ní kí n sọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ìyá òun kí òun gbọ́. Mo sọ ọ́. Ó ní kí n tún un sọ, mo sì tún un sọ. Ó kọjú sí omi, ó ní, "C'est bien. Ó dáa. Máa lọ." Mo rò pé ìwúrí ni. Mo gbéra ga wọnú ọkọ̀.

Òkun ò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ń bì, ìyá Nàgó kan, Yorùbá ilẹ̀ Benin, tó wà nínú ẹgbẹ́ wa ń pín àtalẹ̀ fún wa jẹ, èmi sì ń tún ọ̀rọ̀ mi sọ bí odídẹ́. Nígbà tó yá, ó fò mí lórí, mo fi Faransé kígbe pé mo ti gbàgbé: "Attends, j'ai oublié!" Ni gbogbo ọkọ̀ bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n dìde kí n máa kí wọn. Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kúnlẹ̀ bó o bá ń bá wọn sọ̀rọ̀. Lórí fóònù náà, kúnlẹ̀. Ohùn ẹni tó kúnlẹ̀ yàtọ̀."

Nígbà tí a dé Port-Gentil, àwọn àgbà Yorùbá ìlú náà ti ń retí wa nílé olórí wọn. Wọ́n mú mi jókòó sáàárín ìyá méjì, wọ́n fún mi lómi tútù. Òmùgọ̀ èmi, mo rò pé Yorùbá mi ló wú wọn lórí. Mo fa fóònù yọ, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà sì di ọwọ́ mi mú. Bàbá olórí wá ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bọ́ ọmọ, kó lè yé mi. "Ọmọ wa, fiyè sí mi. Ìyá rẹ àgbà ti kú. Àná ni, ṣáájú ìrun Jímọ̀. Wọ́n ti sin wọ́n. Ọlọ́run á fi Àlùjánnà kẹ́ wọn." Mi ò wá ògbufọ̀. Gbogbo rẹ̀ yé mi. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti Ṣakí wá, òun làkọ́kọ́ tó yé mi délẹ̀.

Inú bí mi kí n tó sunkún. Tíṣà ṣàlàyé pé bàbá mi ti mọ̀ láti àná, pé ọmọ olóògbé kọ́ ló ń túfọ̀, àgbà mìíràn ni, wọn kì í sì í tú u fún ọmọ lójú omi. Orí ilẹ̀ ni, níbi tí ọwọ́ ti pọ̀ tó lè di èèyàn mú. Mo ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ wá ń kọ́ mi bí màá ṣe kúnlẹ̀?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Yorùbá mi ti já gaara báyìí. Mo ti dé Ṣakí, mo sì bi àwọn ẹbí léèrè ohun tí ìyá àgbà máa ń sọ fún mi nígbà náà lọ́hùn-ún. Wọ́n kì mí, wọ́n kì mí dáadáa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ èyí tí ìyá àgbà máa ń fi kún un látọkàn ara wọn. Akólòlò pe baba lóòótọ́. Òwe náà ò sọ bóyá baba wà nílé. Bí ìbànújẹ́ yìí bá tún dé, bàbá mi ni mo máa ń rántí ní èbúté, bó ṣe dúró nínú òjò tó ń gba ọ̀rọ̀ náà sétí lẹ́ẹ̀mejì, lórúkọ ìyá rẹ̀. Ìdúró ni mo wà tí mo fi sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún mi nígbà náà pé kí n kúnlẹ̀.